Bàbá Àgbà Tó Kúnlẹ̀ Nínú Mọ́tò Jàpáàn

Tí ènìyàn bá kú ní Ìlọrin, ojú ẹsẹ̀ ló ń di ènìyàn dáadáa. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá mi àgbà, Àlàájì Ràímì ti Pákátá, ààfáà kan dìde, ó ní onísùúrù ni olóògbé. Èkejì ní wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀kẹta, tí kò fojú kan Bàbá àgbà rí láyé ẹ̀, ní ahọ́n wọn rọ̀ bí òrí. Ìyá àgbà, tí wọ́n jẹ́ ìyàwó olóògbé, tẹ̀ sí mi létí: "Múínà, ṣé òkú tiwa ni wọ́n ń sọ, àbí àwọn ààfáà yìí ṣìlé ni?" Mo fi ìborùn bo ẹnu. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborùn náà ni omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ká ní wọ́n gbé gbohùngbohùn fún èmi ni, ǹ bá sọ òótọ́. Alágídí ni Bàbá àgbà. Ẹnu wọn mú bí abẹ. Wọn kì í gbà pé àwọn jẹ̀bi, àfi tí ẹni tí wọ́n ń bá jiyàn bá ti lọ sílé. Nǹkan méjì ni wọn kì í fi ṣeré: ìrun wọn, àti mọ́tò Amẹ́ríkà. Èwo ni wọ́n fi ṣáájú, Ọlọ́run ló mọ̀, torí mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n pẹ́ dé ìrun Àìlà nítorí pé wọ́n ń fọ táyà.

Lẹ́yìn àdúà, nígbà tí wọ́n ń pín máásà, Tísà pè mí sẹ́bàá ògiri. Tísà ni ọ̀rẹ́ Bàbá àgbà láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ará Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, onígbàgbọ́, wọ́n fi iṣẹ́ olùkọ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kọ́lé sí àdúgbò Fate. Ọkùnrin gíga tó máa ń nà ṣánṣán ni wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn èjìká wọn ti wálẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Jọ̀ọ́, má purọ́ fún mi. Ṣé inú ṣì ń bí i sí mi tó fi lọ?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè ojú lásán. Oṣù díẹ̀ kí Bàbá àgbà tó kú, Tísà sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn láàárín èrò, Bàbá àgbà dìde, wọ́n lọ sílé, wọn ò sì tún tẹ Fate mọ́ títí ikú fi dé. Mo mọ ìdí tí wọn ò fi lọ mọ́. Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n àṣírí kan ló wà nínú ẹ̀ tí Bàbá àgbà ní n ò gbọ́dọ̀ tú sétí Tísà. Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín nílé, sà." Tísà wò mí bí ẹni tí dókítà ní kó padà wá lọ́la. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro bàbá mi àgbà láròtúnrò, bóyá n ó rí ibì kan nínú ayé wọn tí yóò sọ ohun tí n ó ṣe fún mi.

Mo kọ́kọ́ ro ibi tí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀. Kí Bàbá àgbà tó ríṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba nọ́mbà mọ́tò, wọ́n ti wa mọ́tò fún òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní ìṣirò. Wọ́n ní mọ́tò òyìnbó náà gùn débi pé tí iwájú ẹ̀ bá ti dé Ọjà-Ọba, ìdí ẹ̀ ṣì ń kí ènìyàn ní Pákátá. Lọ́jọ́ tí òyìnbó ń padà sílé, ó fọwọ́ gbá Bàbá àgbà léjìká, ó sì sọ nǹkan kan láti inú imú. Bàbá àgbà ò gbọ́ ohun tó sọ. Síbẹ̀ wọ́n gbà á bí ìgbà tí bàbá ẹni bá fi ilé ṣọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà láìdáa, ó kan Bàbá àgbà lára. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi yìgì, níbi òkú, kò síbi tí wọn kì í ti rí ààyè sọ gbólóhùn wọn: "Amẹ́ríkà ń rọ irin, Jàpáàn ń ká páànù."

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ra mọ́tò Amẹ́ríkà kan, tòkunbọ̀, pupa bí ọsàn tó pọ́n. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá. Àwọn ọmọ àdúgbò ò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ-bá-mi-tì-í ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ti gbọ́ tó ń húkọ́ lọ́nà ọ̀ọ́kán, wọ́n á jáde, wọ́n á fún ṣòkòtò wọn le, wọ́n á máa kígbe pé "Ẹ-bá-mi-tì-í ti dé o!" Wọ́n mọ̀ pé tó bá fi dúró, kò ní ṣí mọ́ fúnra ẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ tó dúró ní Pósọ́fíìsì, ní oríta yẹn gan-an, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pàdé. Mo wà nínú ẹ̀, ojú sì ń tì mí débi pé mo fẹ́ wọ abẹ́ àga. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ rìn wá.

"Bàbá, mọ́tò yín ti bàjẹ́. Ẹ gbé e kúrò lójú títì."

"Kò bàjẹ́," Bàbá àgbà ní.

"Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń ronú ni."

Fèrè mọ́tò gba gbogbo oríta. Ìyá àgbà bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n ṣí búùtù, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn jáde, wọ́n gbé kẹ́tùlù àlùwàlá, wọ́n gbé ẹ̀pà súnsun. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó bá ń bá Ọ̀gá rìn kì í jáde lọ́wọ́ òfo. Wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Obìnrin kan tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀, ó ní èló ni kẹ́tùlù. Ìyá àgbà ní, "Kẹ́tùlù kì í ṣe títà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wo mọ́tò pupa yẹn, a lè jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀."

Ìyàwó kan ṣoṣo ni Bàbá àgbà fẹ́. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Ìyá àgbà bá ń yìn wọ́n pé wọ́n ríre, pé wọn ò ní orogún, wọ́n á ní irọ́ ni, àwọn ní ìyálé. "Abẹ́ páànù iwájú ilé ló ń sùn. Òun ni wọ́n ń ra nǹkan tuntun fún lóṣooṣù."

Ti Tísà wá yàtọ̀. Mọ́tò Jàpáàn ni tiwọn. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, àwọ̀ eérú, kò tóbi, kò pariwo. Ẹ da epo sí i, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó ti lọ. Ẹjọ́ tí Bàbá àgbà bá a rò gan-an nìyẹn, pé kì í bàjẹ́. Mo gbọ́ ọ létí ara mi lọ́jọ́ ìsinmi kan, nígbà tí Tísà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jọ ń jẹ wàrà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tísà, mọ́tò tó ń bàjẹ́ ló ń múni mọ ènìyàn," Bàbá àgbà ní. "Ní Malete, wọ́n fi orúkọ mi sọ ọmọ kan, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, èmi ni àlejò tó wà nílẹ̀. Mo ń dúró de bátìrì ni. Kò sí àdúgbò tí n ò ti lọ́rẹ̀ẹ́ láti ibí dé Jẹ́bà. Ìwọ tó ń gun páànù rẹ kiri yìí, ta lo mọ̀?"

Tísà gbé wàrà sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ọwọ́. "Òótọ́ lo sọ, Àlàájì. Ọ̀rẹ́ rẹ pọ̀. Gbogbo wọn ló sì ń tì ọ́ lẹ́yìn."

Hà! A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá bínú pé àwọn rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ọjọ́ ìsinmi, Tísà á wá sí Pákátá. Ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá àgbà á lọ sí Fate, bí Ọ̀gá bá gbà. Ìyàwó Tísà ti kú, àwọn ọmọ wọn ti tú ká sí ìlú òyìnbó, àwọn àti tẹlifíṣọ̀n ló jọ ń gbé inú ilé ńlá yẹn. Mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n pàdé tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ò wáyé. Àwọn ìyókù, òṣèlú, owó ìfẹ̀yìntì, àìsàn orúnkún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe.

Ọjọ́ Iléyá kan ni eré di nǹkan mìíràn. Ẹran àgbò wà nílẹ̀, ilé kún. Tísà ní, "Àlàájì, jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ikú bá ń lé ọ bọ̀, tí mọ́tò tèmi wà lápá ọ̀tún, tí tìrẹ wà lápá òsì, èwo ni wàá kó sí?" Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà nu ọ̀rá kúrò lọ́wọ́, wọ́n gbé ìka sókè. "Wàláhì, bíláhì, wàtàláhì! Èmi Ràímì ò ní jókòó nínú mọ́tò tí wọ́n bá ṣe ní Jàpáàn títí n ó fi pàdé Ọlọ́run mi." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìbúra kì í ṣe ẹ̀pà súnsun. Ìyá àgbà gbé àwo ẹran wọn, wọ́n ní, "Ẹ ti fi ẹnu ara yín ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín síta." Láti ọjọ́ náà, bí òjò ń rọ̀ bí òjò ò rọ̀, bí Tísà bá ní kí wọ́n wọ mọ́tò kí àwọn gbé wọn, Bàbá àgbà á fẹsẹ̀ rìn.

Mo wá dé ibi tó le fún mi láti sọ.

Ọjọ́ ìsinmi kan, ọ̀sán gangan, Tísà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu wọlé ni Ìyá àgbà fọwọ́ di àyà ara wọn mú. Wọn ò lè mí dáadáa. Òógùn bò wọ́n. A gbé wọn sínú Ọ̀gá. Bàbá àgbà yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní kì-kì-kì, ó dákẹ́. Wọ́n tún yí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pè é ní orúkọ tó dáa, wọ́n pè é ní orúkọ tí kò dáa. Wọ́n fi ìkúùkù lu sítíárìn. Mi ò rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù ọmọdé. Tísà ti ṣí ilẹ̀kùn tiwọn. "Ẹ gbé e wá síbí! Kí lẹ ń dúró wò?"

A tẹ́ Ìyá àgbà sí àga ẹ̀yìn, mo bọ́ síwájú. Bàbá àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí i bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tí wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Lójijì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ sí àlàfo kékeré tí ènìyàn máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí ìyàwó wọn.

Tísà ti gbéra. "Àlàájì, jókòó! Láwàní rẹ bo gíláàsì, n ò rí ẹ̀yìn!"

"Máa wa mọ́tò rẹ."

"O kúnlẹ̀ ni? Ràímì, ṣé orí rẹ pé? O kúnlẹ̀?"

"Jókòó ni mo fi búra. Mi ò fi ìkúnlẹ̀ búra."

Ìyá àgbà ò la ojú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn wọn, tín-ín-rín. "Bàbá Sàlíù... láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò kúnlẹ̀ fún mi rí. Àìsàn yìí mà dáa."

"Má sọ̀rọ̀," Bàbá àgbà ní. "Máa mí. Jọ̀ọ́, máa mí."

Báyìí la ṣe la Pósọ́fíìsì kọjá, tí àwọn èrò ń na ọwọ́ sí bàbá arúgbó aláwàní tó ń kúnlẹ̀ nínú mọ́tò bí ẹni ń tọrọ ìyàwó. Gbogbo kòtò tí a bá wọ̀, orí wọn á gbá òrùlé. Wọn ò jókòó.

Ní ọsibítù, wọ́n sáré gbé Ìyá àgbà wọlé, Tísà tẹ̀ lé wọn. Orúnkún Bàbá àgbà ti kú. Mo fà wọ́n jáde, wọ́n fi ọwọ́ di ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò mú kí wọ́n lè nàró, ibẹ̀ ni ojú wọn sì balẹ̀ sí. Àwo kékeré kan wà lára irin ibẹ̀ tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ṣe mọ́tò sí. Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ tí Bàbá àgbà ṣe. Ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi ń ka irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á. Wọ́n yọ gíláàsì ojú, wọ́n fi agbádá nù ún, wọ́n tún un kà. Èmi náà fojú sí i. Orúkọ Jàpáàn ló wà níwájú mọ́tò náà lóòótọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ àwọn ará Jàpáàn. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn, gàdàgbà: Amẹ́ríkà. Mọ́tò tí Tísà ti ń fi Jàpáàn yọ wá lẹ́nu, ilẹ̀ òyìnbó onímú yẹn ni wọ́n ti rọ ọ́.

Mo dúró de ariwo. Ariwo tó yẹ kí Bàbá àgbà pa lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ ní ààfin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, àwọn tí kì í rọra ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì wọnú ọsibítù lọ.

Ọlọ́run yọ Ìyá àgbà. Dókítà ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di mìíràn. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, Bàbá àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà àdúgbò wa láti béèrè ọ̀rọ̀ ìbúra náà. Ààfáà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí láwàní ẹ̀ fi tú. Ó ní, "Àlàájì, ẹni tó búra pé òun ò ní jẹ ẹran, tó wá ń mu omi ẹran, ṣé Ọlọ́run ò ní mọ ohun tó ń ṣe ni? Inú mọ́tò lẹ wà. Ẹ san kafárà, ìtánràn ìbúra. Ẹ bọ́ mẹ́wàá nínú àwọn mìsìkínì, àwọn tí kò ní." Mo wo Bàbá àgbà. Gbólóhùn kan péré ló kù: ààfáà, wọn ò ṣe mọ́tò yẹn ní Jàpáàn. Wọ́n ti jàre. Kò sí kafárà kankan lọ́rùn wọn. Wọ́n wò mí, ojú wọn ní kí n pa ẹnu mọ́, wọ́n sì ní, "Mo gbọ́, ààfáà."

Wọ́n sì bọ́ àwọn mìsìkínì náà. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wọn, torí àwọn ni wọ́n mọ̀ jù. Ọ̀gá mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àwa kì í ṣe mìsìkínì mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti ra mọ́tò yín ni Ọlọ́run ti gbé wa kúrò níbẹ̀." Wọ́n wá se ìrẹsì àti ẹran fún àwọn mìíràn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Tísà wà níbẹ̀, wọ́n ń bu ìrẹsì, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ jẹun dáadáa o, Jàpáàn ló se é!"

Inú bí mi. Nígbà tí a délé mo ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé? Ẹ̀ ń fi owó yín san ohun tí ẹ ò jẹ̀bi ẹ̀. Ẹ sọ fún un!" Wọ́n ní, "Múínà, ìwọ náà wo ilé Tísà. Ìyàwó ti lọ. Àwọn ọmọ ò sí ńlẹ̀. Nǹkan tó kù tó fi ń yangàn nígboro yìí ni mọ́tò yẹn. Tí mo bá gba Jàpáàn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ máa wá sọ ní Pákátá?" Wọ́n wá na ìka sí mi. "Bó bá ti ẹnu rẹ jáde, èmi àti ìwọ ni."

Bí ẹ bá rí i bí Tísà ṣe wá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn! Kò síbi tí wọ́n dé tí wọn ò sọ ọ́: Jàpáàn ló gba Àlàájà là. Bàbá àgbà á fi eyín há ètè. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ní Fate, níwájú àwọn tó jọ fẹ̀yìn tì, Tísà ní, "Àlàájì, ká ní mọ́tò tìrẹ nìkan la ní lọ́jọ́ yẹn, ìwọ náà ì bá ti di opó bíi tèmi ni." Ẹ̀rín bẹ́. Bàbá àgbà dìde. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n kí gbogbo ènìyàn, wọ́n lọ.

Ìlú gbà pé ìbínú ni. Ìyá àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Tísà wá sí Pákátá, Bàbá àgbà ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Mo ní ìyà tí wọ́n fi ń jẹ Tísà yìí ti pọ̀ jù, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi ń jà. Wọ́n ní, "Ta ló ń bínú? Mi ò bínú. Ẹnu mi ni mò ń sá fún. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo ní kí n tú u. Ká ní mo tún jókòó fún ìṣẹ́jú kan ni, ǹ bá dójú tì í níwájú àwọn ènìyàn yẹn. Jẹ́ kí ẹnu mi tutù ná, n ó lọ." Ẹnu wọn ò tíì tutù tán nígbà tí wọ́n kírun Àsùbáà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, tí wọn ò sì dìde mọ́.

Ìdí tí n ò fi lè dá Tísà lóhùn lẹ́bàá ògiri nìyẹn. Tí n bá sọ òótọ́, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tí Bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún wọn. Tí n bá dákẹ́, wọ́n á máa gbé inú ilé ńlá yẹn, wọ́n á máa rò pé ọ̀rẹ́ àwọn bá ìbínú lọ sí sàréè. Mo tilẹ̀ bi Ìyá àgbà, láìtú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Òkú ò gbọ́ ariwo. Alààyè ni kí o tọ́jú."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fate. Tísà ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò sì dìde kí n tó sọ ọ́, torí bí mo bá dìde, ẹ̀rù á bà mí. Mo ní, "Sà, wọn ò bínú sí yín rárá. Wọ́n ń sá kí wọ́n má bàa sọ nǹkan tí wọ́n rí ni." Mo sọ ti ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo sọ ti ààfáà. Mo sọ ti kafárà tí wọ́n san láìjẹ gbèsè ẹ̀.

Tísà wá àga jókòó, wọ́n ní, "Ó rí i?"

"Wọ́n rí i, sà."

"Láti ọjọ́ tí a gbé Àlàájà lọ ọsibítù? Ó rí i láti ọjọ́ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ foríjì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé—"

"Kí n mọ kí ni? Ọmọ mi kọ̀wé rẹ̀ sí mi kí mọ́tò náà tó dé etí òkun. Mo ti mọ̀ látilẹ̀wá pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà já lójijì. "Mò ń dúró kó rí i ni. Gbogbo Jàpáàn tí mò ń pariwo yẹn, mo fẹ́ kó bínú, kó lọ yẹ mọ́tò náà wò. Mo ń wo ọjọ́ tó máa rí i. Ariwo tó máa pa! Bó ṣe máa fò sókè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tó máa pe gbogbo Pákátá jọ lé mi lórí! Ọ̀rọ̀ opó tí mo sọ yẹn, ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn, ó sì ti pọ̀ jù, mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Mo kàn ní, ó yá, bínú, lọ wò ó."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Ọkùnrin gíga yẹn sunkún níwájú mi bí ọmọ tí wọ́n já jù sílẹ̀.

"Ayọ̀ yẹn ni mo tọ́jú dè é, Múínà," wọ́n ní. "Òun nìkan ni mo ní tí mo lè fún un. Ó rí i, ó sì gbé e pamọ́ fún mi."

Mo gbé àga sún mọ́ wọn, a jọ jókòó.